Bí A Ṣe Ń Dán Ìwé Ìbéèrè Ọ́tísímù Tí A Túmọ̀ Fún Àwọn Ọmọdé Ṣáínà Wò

Ìbéèrè 20 péré ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R, tí wọ́n fi ń wá ọmọ tó ṣeé ṣe kó ní ọ́tísímù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè tó máa ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá wọn ṣe. Òbí ọmọ tó wà láàárín oṣù 16 sí 30 ló máa ń dáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í sì í gba àkókò. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó tún gbọ́ Mandarin dáadáa lè jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ kan kó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ tán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n á kó ìwé náà fún nọ́ọ̀sì, wọ́n á ní kó máa fi máàkì tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà pààlà láàárín ọmọ tó yẹ kó rí dókítà àti ọmọ tí kò yẹ. Máàkì yẹn kì í bá ìtumọ̀ rìn wá o. A gbọ́dọ̀ wá tiwa níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ Ṣáínà fúnra wọn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ìmọ̀ ìlera ní Ṣáínà, tí wọ́n sì máa ń bá ara wọn nínú irú iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùrànlọ́wọ́ ìwádìí. Àwọn ni mo ní lọ́kàn. Àpẹẹrẹ tí màá lò jù ni M-CHAT-R, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ́pọ̀ jù fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan: ìwé ìbéèrè kì í sọ pé ọmọ ní ọ́tísímù. Asẹ́ ni. Bí ojú rẹ̀ bá ti fẹ̀ jù, ohun tí à ń wá á jò lọ. Bí ó bá ti há jù, gbogbo ìdọ̀tí ni yóò dá dúró. Iṣẹ́ wa ni láti wọn ojú asẹ́ náà.

1. Ẹ wo ohun tó ti wà nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọ́tísímù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ṣáínà. Ọdún 1982 ni Dókítà Tao Guotai ní Nanjing kọ nípa àwọn ọmọ 4 àkọ́kọ́ tí wọ́n dá mọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ìwé ìbéèrè àtijọ́, bíi ABC tó ní ìbéèrè 57 àti ti Clancy tó ní 14. Ní Hong Kong, Virginia Wong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé CHAT-23 jáde ní 2004. Wọ́n so ìbéèrè 23 tó wà nínú M-CHAT àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n tún ṣe di M-CHAT-R, pọ̀ mọ́ apá kan nínú CHAT, ìwé tó ṣáájú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń fi ojú ara rẹ̀ wo ọmọ. Wọ́n ti túmọ̀ CAST, ìwé ìbéèrè ọ́tísímù mìíràn, sí Mandarin náà, wọ́n sì dán an wò ní Beijing, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyẹn wà fún. Ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè tó jáde ní 2020, tó ní 0.70% nínú àwọn ọmọ ọdún 6 sí 12 ló ní ọ́tísímù, lo ìwé ìbéèrè mìíràn, ASRS, tí wọ́n tún ṣe kó lè bá Ṣáínà mu.

Nítorí náà, kí ẹ tó túmọ̀ ohunkóhun, ẹ wo ojúewé M-CHAT lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtumọ̀ Ṣáínà wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lílo ìwé náà fún ìtọ́jú àti ìwádìí, àmọ́ àwọn tó ni ín kò gbà kí èèyàn yí ìbéèrè kankan padà, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ìtumọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ìwé mìíràn wà tó jẹ́ pé owó ni wọ́n fi ń gba àṣẹ rẹ̀. Ẹ parí ọ̀rọ̀ yìí lórí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún bi ara yín léèrè pé ta ni yóò lo ìwé náà. Àwọn ìwé ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà ńlá ń pe ọ́tísímù ní gūdúzhèng. Ní Taiwan àti Hong Kong, zìbìzhèng ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà ìkọ̀wé wọn náà yàtọ̀: lẹ́tà rírọrùn ni wọ́n ń kọ ní Beijing, lẹ́tà àtijọ́ ní Taipei. Ìtumọ̀ tí a ti dán wò ní Taiwan kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìdánwò ní Sichuan.

2. Ìtumọ̀ fúnra rẹ̀

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn méjì tó jẹ́ ọmọ bíbí èdè náà túmọ̀ ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ, kí èkejì má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n á wá jókòó pọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ẹyọ kan. Ẹlòmíràn tí kò rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà rí á tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ kékeré kan á sì fi ti àkọ́kọ́ wé ti ìkẹyìn.

Mo rò pé àwọn èèyàn ń gbé títúmọ̀-padà yìí gẹ̀gẹ̀ jù. Atúmọ̀ tó gbọ́n á ti mọ ohun tí ìwé náà ń gbìyànjú láti sọ, á sì tún ọ̀rọ̀ tó wọ́ ṣe bó ṣe ń dá a padà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á dán gbinrin, Mandarin tó wà nísàlẹ̀ á ṣì le bí òkúta lẹ́nu ìyá ọmọ. Ẹ ṣe é, torí àwọn tó ń yẹ ìwádìí wò á béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán an.

Àwọn ibi tó yẹ kí ìgbìmọ̀ dúró sí pẹ́ rèé. Ìbéèrè 6 àti 7 jọ ara wọn: èkíní ń béèrè bóyá ọmọ máa ń fi ìka kan tọ́ka sí ohun tó fẹ́ kí wọ́n bá òun mú, èkejì ń béèrè bóyá ó máa ń tọ́ka kó lè fi ohun tó dùn mọ́ ọn hàn ẹlòmíràn. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé náà. Bí ìtumọ̀ bá sọ méjèèjì di ọ̀kan náà, ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè 10 ń béèrè bóyá ọmọ máa ń dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ kékeré ní Ṣáínà sábà máa ń ní orúkọ ilé tí wọ́n ń pè ní xiǎomíng. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀ lè má tíì dún létí rẹ̀ rárá ní oṣù 18. Àwa tí à ń pe ọmọ ní Àjọkẹ́ nínú ilé, tí orúkọ mìíràn sì wà nínú káàdì àjẹsára rẹ̀, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti lóye. Ẹ má wulẹ̀ yí ìbéèrè padà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà tí ẹ máa fún nọ́ọ̀sì pé orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé ni kó sọ.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìbéèrè 2, 5 àti 12. Nínú àwọn yòókù, "bẹ́ẹ̀ kọ́" ló ń fún ọmọ ní máàkì ewu. Nínú mẹ́ta yìí, "bẹ́ẹ̀ ni" ni: bóyá òbí ti rò rí pé ọmọ náà kò gbọ́ràn, bóyá ó máa ń fi ìka rẹ̀ ṣe nǹkan àràmàǹdà nítòsí ojú, bóyá ariwo ojoojúmọ́ máa ń dà á láàmú. Ìyá tó ti ń fi ààmì sí "bẹ́ẹ̀ ni" láti òkè délẹ̀ kí wọ́n má baà wo ọmọ òun láìdáa á kó sínú wọn. Ẹni tó bá sì ń da ìdáhùn sínú kọ̀ǹpútà tó gbàgbé yí àwọn mẹ́ta yìí padà á ba gbogbo ìṣirò jẹ́.

Ẹ yẹra fún ìbéèrè tó ní "kò" nínú. Lédè Mandarin, bí ẹ bá bi èèyàn pé "Ṣé kì í wojú yín?", "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ túmọ̀ sí pé òótọ́ ni, kì í wò mí, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lédè tiwa náà. Ìdáhùn Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí síbòmíràn.

3. Ẹ jókòó ti àwọn tó máa dáhùn

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fò. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ní kí ẹ dán ìtumọ̀ wò lọ́wọ́ èèyàn 30 sí 40. Iye kọ́ ló jà jù, irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ni. Ní ìlú Ṣáínà púpọ̀, ìyá bàbá tàbí ìyá ìyá ọmọ ló ń tọ́jú rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní àwọn abúlé kan, àwọn òbí ti wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lọmọ ń gbé. Bí àwọn ìyá tó jáde yunifásítì ní Shanghai nìkan bá ló dá yín lóhùn, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìwé yín.

Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?" Kò sí àgbàlagbà tó máa sọ pé kò yé òun níwájú dókítà. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí ìbéèrè ń wá, kí wọ́n sì sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Báyìí ló ṣe lè lọ lórí ìbéèrè 6, pẹ̀lú ìyá bàbá ọmọ, tí wọ́n ń pè ní nǎinai:

"Nǎinai, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń nàka sí ohun tó bá fẹ́. Ìgbà wo ló ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Láàárọ̀ yìí ni. Bisikíìtì ló fẹ́."

"Báwo ló ṣe ṣe é?"

"Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ọwọ́ mi sókè síbi tí agolo náà wà."

"Ṣé ó wojú yín nígbà yẹn?"

"Ojú mi kẹ̀? Agolo ló ń wò."

Ọmọ náà kò tọ́ka rárá. Ó lo ọwọ́ ìyá àgbà bí ẹni lo ọ̀pá, ìyẹn gan-an sì wà lára ohun tí àwọn dókítà máa ń wò fún ọ́tísímù. Lórí ìwé, ó ti yege. Bí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ṣi ìbéèrè kan gbọ́ lọ́nà kan náà, ẹ padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé èdè àdúgbò ni wọ́n ń sọ, Cantonese tàbí ti Shanghai, ẹ pinnu ṣáájú bí ẹni tó ń kà á fún wọn ṣe máa sọ ọ́, kí olúkúlùkù má baà máa túmọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ bó ṣe wù ú.

Bákan náà ni kí ẹ ní kí àwọn onímọ̀ bíi mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wo ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ bó ṣe bá ọ̀rọ̀ mu tó láti 1 sí 4. Ìbéèrè tí ìdá àwọn tó fún un ní 3 tàbí 4 kò bá tó 0.78, ẹ tún un wò.

4. Ta ni yóò sọ òótọ́?

Ẹ kò lè mọ̀ bóyá ìwé ìbéèrè ń sọ òótọ́ àyàfi tí ohun mìíràn tó lágbára jù ú bá wà tí ẹ máa fi wé. Àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ nìyẹn: dókítà tó mọ iṣẹ́, tó ń tẹ̀ lé DSM-5, ìwé ìlànà tí àwọn dókítà fi ń dá ọ́tísímù àti irú rẹ̀ mọ̀, pẹ̀lú ADOS-2 tí wọ́n fi ń bá ọmọ ṣeré tí wọ́n sì ń ṣàkíyèsí rẹ̀, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn pẹ̀lú òbí. ADOS-2 ní apá kan tó wà fún ọmọ oṣù 12 sí 30, ẹ rí i pé òun ni wọ́n lò. Ilé ìwòsàn púpọ̀ ní Ṣáínà ń lo CARS, ìwé tí wọ́n fi ń wọn bí ààmì ọ́tísímù ṣe pọ̀ tó lára ọmọ. Ó dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi òun nìkan ṣe ẹlẹ́rìí.

Dókítà tó ń ṣe àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mọ máàkì tí ọmọ gbà. Bí ó bá ti rí 11 lórí ìwé, ojú tó máa fi wo ọmọ yẹn ti yàtọ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí àkókò gùn láàárín ìwé àti àyẹ̀wò: oṣù mẹ́fà nínú ayé ọmọ oṣù 18 kì í ṣe kékeré. Ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀ kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé.

5. Ọmọ mélòó, láti ibo?

Ká ní ẹ retí pé ìwé náà máa mú 85 nínú ọmọ 100 tó ní ọ́tísímù, tí ẹ sì fẹ́ kí àṣìṣe yín má ju 7 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni 1.96 lọ́nà méjì ara rẹ̀, lọ́nà 0.85, lọ́nà 0.15, kí ẹ fi 0.07 lọ́nà méjì ara rẹ̀ pín in. Ó jẹ́ ọmọ 100 tó ní ọ́tísímù. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ 1 nínú 100 ló ní in, ọmọ 10,000 lẹ máa yẹ̀ wò kí ẹ tó rí 100 yẹn.

Iye yìí ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, tí wọ́n fi ń sá lọ sí ilé ìwòsàn tí àwọn ọmọ tó ní ọ́tísímù ti pọ̀, tí wọ́n á kó ọgọ́rùn-ún níbẹ̀ àti ọgọ́rùn-ún láti jẹ́lé-ó-sinmi kan. Ó ṣeé ṣe fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sáà má gbé èsì rẹ̀ lọ sí àárín ìlú. Àwọn ọmọ tó ti dé ilé ìwòsàn ni ààmì tiwọn ti hàn kedere, kò sóhun tó ṣòro nínú dídá wọn mọ̀. Èyí tó ṣòro ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń sọ pé "ẹnu rẹ̀ kàn pẹ́ yọ ni, bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ṣe nìyẹn."

Ẹ wo CHAT-23. Ọmọ 212 ni wọ́n lò, 87 ní ọ́tísímù, 125 kò ní. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú 2 lára ìbéèrè pàtàkì 7, ìwé náà ń mú 93.1% àwọn tó ní in; èyí ni wọ́n ń pè ní sensitivity. Ó sì ń fi 76.8% àwọn tí kò ní in sílẹ̀, specificity nìyẹn. Èsì yẹn wúlò láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ẹ wá gbé iye kan náà lọ sọ́dọ̀ ọmọ 10,000 tí 100 péré nínú wọn ní ọ́tísímù, ká ní kò yí padà: ìwé náà á mú 93, á sì tún mú nǹkan bíi 2,297 tí kò ní nǹkan kan. Nínú gbogbo òbí tí ẹ máa pè padà, nǹkan bí 4 nínú 100 ló ní ìdí gidi fún un. Dókítà mélòó ló wà ní agbègbè yẹn tó lè yẹ ọmọ 2,390 wò?

6. Nígbà tí ẹ bá bọ́ sójú pápá

Ní Ṣáínà, wọ́n máa ń mú ọmọ wá sí ibùdó ìlera àdúgbò fún àyẹ̀wò ìdàgbàsókè ní oṣù 18, 24 àti 30. Ó bá ọjọ́ orí M-CHAT-R mu gan-an, ẹ lo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìlànà ìjọba tó jáde ní 2022 fún àyẹ̀wò ọ́tísímù láti ìgbà ìbí títí di ọdún 6 ti pín iṣẹ́ sí ìpele: àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ní àdúgbò, àtúnyẹ̀wò, lẹ́yìn náà àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀. Ohun márùn-ún ni ìlànà yẹn ní kí wọ́n máa ṣọ́: ọmọ tí kì í wò, tí kì í dáhùn, tí kì í nàka, tí kì í sọ̀rọ̀, àti èyí tí ìṣe rẹ̀ kò bójú mu. Ìwádìí yín á rọrùn bí ẹ bá wọ inú ètò tó ti wà dípò kí ẹ dá tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Orí fóònù, lórí WeChat tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn ní Ṣáínà, ni ọ̀pọ̀ òbí á ti fẹ́ kún ìwé náà. Kò burú, ẹ sì lè ṣètò rẹ̀ kó má gbà kí wọ́n fo ìbéèrè. Ẹ rí i pé ó béèrè ẹni tó ń dáhùn: ìyá, bàbá, tàbí ìyá àgbà. Ẹ máa nílò rẹ̀ níwájú. Fún ìyá àgbà tí kò mọ̀wé tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, nọ́ọ̀sì ni kó kà á sókè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíkà ni.

Máàkì 0 sí 2 kò ń fẹ́ ohunkóhun mọ́ báyìí. 8 sókè ń lọ tààrà fún àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀. Láàárín wọn, 3 sí 7, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àtẹ̀lé ló kàn, èyí tí lẹ́tà F dúró fún nínú M-CHAT-R/F. Wọ́n á tún béèrè ìbéèrè tí ọmọ kò yege nìkan, pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Bí 2 bá ṣì kù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ náà á rí dókítà. Àwọn kan máa ń fo ìpele yìí nítorí owó àti àkókò. Nínú ìwádìí ti 2014 ní Amẹ́ríkà, tó wo ọmọ 16,071, lára àwọn tó ṣì kù lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí tí wọ́n sì yẹ̀ wò, 47.5% ló ní ọ́tísímù, 94.6% sì ní ìṣòro ìdàgbàsókè kan tàbí òmíràn tó yẹ kí wọ́n bójú tó. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n da òbí púpọ̀ láàmú lásán. Ẹni tó bá ń ṣe é gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, lédè tí òbí ń sọ nílé.

7. Ẹ pe àwọn tó yege padà

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ má gbàgbé èyí. Ìwádìí púpọ̀ máa ń yẹ àwọn tí ìwé mú nìkan wò. Àwọn tí ìwé ní kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n, wọ́n á lọ sílé, ìwádìí á sì kà wọ́n kún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nígbà náà, báwo lẹ ṣe máa mọ iye tó bọ́?

Ká ní ẹ yẹ ọmọ 10,000 wò. Ìwé mú 300, dókítà rí 60 nínú wọn tó ní ọ́tísímù. Nínú 9,700 tó yege, ẹ fi kèké mú 485, ìyẹn 1 nínú 20, ẹ sì yẹ wọ́n wò tinútòde. Ẹ rí 2. Ẹni tó bá ṣírò láìfarabalẹ̀ á sọ pé 60 nínú 62 ni ìwé wa mú, nǹkan bíi 97%. Á kọ ọ́ sínú ìròyìn, inú gbogbo èèyàn á dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ 2 yẹn dúró fún ogún-ogún: 40 ló wà nínú àwọn tó lọ sílé. Àròpọ̀ àwọn tó ní in jẹ́ 100, ìwé mú 60. Sensitivity yín jẹ́ 60%.

Kì í ṣe àlá. Nígbà tí wọ́n lo CHAT fún ọmọ 16,235 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n wà ní oṣù 18, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn títí tí wọ́n fi dàgbà dé ilé ìwé, 38% péré ni sensitivity rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé specificity rẹ̀ jẹ́ 98%. Ìtẹ̀lé yẹn ló tú àṣírí.

Nítorí náà, ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn tó yege láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lè mú púpọ̀ sí i láàárín àwọn tó gba 2, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó bọ́ ti sábà máa ń pọ̀, kí ẹ mú díẹ̀ láàárín àwọn tó gba 0. Ẹ sáà rántí bí ẹ ṣe mú wọn nígbà tí ẹ bá ń ṣírò, kí olúkúlùkù lè dúró fún iye tó yẹ. Òbí kan á béèrè pé, "Ẹ ní ọmọ mi yege, kí lẹ tún fẹ́ kó wá ṣe?" Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn yẹn ti wà nínú ìwé ìgbàṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

8. Àwọn ìṣirò yòókù

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ fún òbí bíi 50 sí 100 ní ìwé kan náà lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wo bóyá ìdáhùn wọn dúró. Ẹ fi ìdáhùn ìyá wé ti ìyá àgbà lórí ọmọ kan náà. Àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìjìnlẹ̀ á béèrè Cronbach's alpha, iye tó ń fi hàn bí àwọn ìbéèrè ṣe bá ara wọn rìn tó; bí ó bá ti tó 0.70, wọn kò ní bá yín jà. Ẹ má jẹ́ kó gùn yín lórí, torí ìbéèrè tí ẹni gbogbo ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí kò lè so mọ́ òmíràn bó ti wù kó dára tó, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé kan lè ní alpha tó ga kó má mú ẹnikẹ́ni. Nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, tetrachoric correlation, ìṣirò ìbátan tó wà fún irú ìdáhùn onímẹ́jì bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ fi ṣe factor analysis tó ń wo àwọn ìbéèrè tó jọ ń lọ pọ̀, kì í ṣe ti nọ́ńbà lásán.

Ohun tó dùn mọ́ mi níbí ni kí ẹ wo bóyá ìbéèrè kan ń ṣe ojúsàájú: ọmọ méjì tí gbogbo máàkì wọn dọ́gba, ọ̀kan ní ìlú, ọ̀kan ní abúlé, ṣé wọ́n ń dáhùn ìbéèrè kan yàtọ̀ síra? Ìbéèrè 8, tó ń béèrè bóyá ọmọ fẹ́ràn àwọn ọmọ mìíràn, lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo tó ń gbé lókè ilé gíga pẹ̀lú ìyá àgbà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ọmọ ẹlòmíràn pàdé.

9. Ibo la máa pààlà sí?

Ẹ ya àwòrán ìlà tí wọ́n ń pè ní ROC fún gbogbo máàkì láti 1 dé 20, ẹ wo sensitivity àti specificity ní ojú kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà á yan èyí tí àròpọ̀ méjèèjì ga jù fún yín. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọmọ tó bọ́ lè pàdánù ọdún méjì ìrànlọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé dókítà kan ṣoṣo ló wà ní agbègbè yín. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ kọ ọ́ síwájú wọn pé: bí a bá pààlà sí 3, ọmọ báyìí la máa pè padà lóṣù, bí a bá pààlà sí 4, báyìí la máa pàdánù. Àwọn ni kó yàn.

Ibi tí ẹ ti rí ààlà kọ́ ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹ pín àwọn ọmọ sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi apá kan wá ààlà, kí ẹ fi èkejì wò ó bóyá ó dúró; tàbí kí ẹ lo ìpínlẹ̀ mìíràn, ìyẹn ló dára jù. Bí ẹ bá ń kọ ìròyìn, ẹ tẹ̀ lé STARD 2015, ìlànà kíkọ ìròyìn nípa irú ìwádìí àyẹ̀wò yìí, kí ẹ kọ iye ọmọ tó jáde ní ìpele kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ àlàfo àṣìṣe sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye.

10. Àwọn ìdílé

Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021 ka gbogbo ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 sí ohun ẹlẹgẹ́. Òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ìyá àgbà bá ló mú ọmọ wá, ẹ wá òbí kàn lórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì béèrè òfin tó kan kíkó ìsọfúnni jáde kúrò lórílẹ̀-èdè kí ẹ tó fi fáìlì kankan ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ yín ní ilẹ̀ òkèèrè.

Èsì tó ń fẹ́ àyẹ̀wò ìjìnlẹ̀, ẹ má fi í ránṣẹ́ lórí WeChat. Nínú ilé tí bàbá, ìyá àti àwọn òbí wọn jọ ń gbé, gbogbo ojú ló máa ka fóònù yẹn, àwọn mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù, tó sábà máa ń jẹ́ ìyá ọmọ. Kí nọ́ọ̀sì pè wọ́n, kó sọ pé ìwé kò tíì sọ ohun tó ń ṣe ọmọ, pé dókítà fẹ́ bá a ṣeré kó sì wò ó dáadáa, kó sì dá ọjọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ tó yege ní oṣù 18, ẹ kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù 24. Àwọn ọmọ kan máa ń pàdánù ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ láàárín àkókò yẹn, ìwé tó ti oṣù 18 wá kò sì lè mọ̀ nípa rẹ̀.